Ta Ló Mọ Odi Cartagena?

   

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò àyájọ́ ilé-ìwé yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò àti ìtàn, kí n sì mú ìlú kan tó wù mí fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú olódi kan létí òkun ni mo mú: Cartagena de Indias, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, lápá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, létí òkun Karibíánì. Àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní 1984. Ìlú náà rẹwà. Wọ́n kun ilé kan ní àwọ̀ ojú sánmà, wọ́n kun èkejì ní àwọ̀ ìyeyè, bárándà onígi wà lókè, òdòdó ń rọ̀ sílẹ̀ láti ara rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń ti gbogbo ayé wá ya fọ́tò níbẹ̀, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé ẹni tó bá dé ìlú olódi, tó wo odi náà tán, tó padà sílé láìbéèrè ọwọ́ tó mọ ọ́n, kò tíì débẹ̀. Ní Cartagena, ìdáhùn ìbéèrè yẹn kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ.

Ohun tó fa odi

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1533 ni Pedro de Heredia, ọmọ Spéìn, tẹ ìlú yìí dó sórí ìletò àwọn onílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Calamarí. Èbúté rẹ̀ jinlẹ̀, ilẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ ìgbì òkun. Kò pẹ́ tó fi di ibi tí àwọn ọkọ̀ ọba Spéìn ti ń dúró kó wúrà àti ẹrù olówó ńlá kí wọ́n tó dorí kọ Yúróòpù. Òórùn owó a sì máa jìnnà. Ní oṣù kejì ọdún 1586, Francis Drake kó ogun dé láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba ìlú náà, ó sì ń jó ilé wọn níná títí wọ́n fi san 107,000 ducat, owó wúrà ìgbà náà, kí ó tó kúrò lọ́rùn wọn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹnu ti Cartagena ṣí sílẹ̀ gbayawu ni.

Ọba Felipe Kejì ti Spéìn rán Bautista Antonelli, ẹnjiníà ọmọ Ítálì, pé kí ó lọ wo bí wọn yóò ṣe pa ẹnu náà dé. Antonelli ya àwòrán odi, Cristóbal de Roda tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ sì bá iṣẹ́ náà lọ. Wọ́n kọ́ ọ, òkun wó apá kan, wọ́n tún un kọ́. Ní 1697 àwọn ará Faransé tí Baron de Pointis jẹ́ olórí wọn tún wọlé, wọ́n kó ìlú náà, iṣẹ́ sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbèrò láti 1586, ọdún 1796 ni Antonio de Arévalo tó parí rẹ̀. Ẹ wo iye ìran tó fi ayé rẹ̀ gbé òkúta! Arévalo yìí kan náà ló ri òkúta sísàlẹ̀ omi láàárín 1771 àti 1778, tó fi dí Bocagrande, ọ̀nà omi tó gbòòrò jù lọ wọ èbúté náà. Láti ìgbà náà, Bocachica tóóró ni ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ gbà, níbi tí ìbọn àgbá ti ń dúró dè é lọ́tùn-ún lósì. Nítorí náà, Cartagena ní odi tí àlejò ń rí, ó sì ní èyí tí omi bò.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín sún mọ́ èyí tí ojú ń rí. Lókèèrè ó dà bí ẹni pé ó dán. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, yóò ha yín. Òkúta rẹ̀ lu jákèjádò, ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, ìkarahun wà níbẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń tò lọ bí èyí tó wà lábẹ́ olú. Iyùn inú òkun ni, ohun ẹlẹ́mìí tó kú tó di àpáta. Etí omi ni wọ́n ti ń gé e ní bíríkì ńláńlá, tí wọ́n sì ń gbé e wá síbi iṣẹ́ nínú oòrùn tí kì í ṣàánú ẹni. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn alágbàṣe náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èjìká àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni ẹrù náà wúwo lé jù. Orúkọ Antonelli wà nínú ìwé, orúkọ Arévalo wà nínú ìwé. Kò sí orúkọ ẹrú kan lára òkúta náà.

Ogun 1741

N kò ní pẹ́ lórí ogun, nítorí pé òun ni àwọn amọ̀nà ń fi ọjọ́ kan gbáko sọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1741, Edward Vernon, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ọkọ̀ bí 186 àti ènìyàn tó lé ní 20,000 wá. Àwọn tó ń ṣọ́ ìlú kò ju nǹkan bí 4,000 lọ. Blas de Lezo, olórí ọkọ̀ ogun Spéìn níbẹ̀, ti fi ẹsẹ̀ kan àti ojú kan sílẹ̀ nínú ogun àtijọ́, apá rẹ̀ kan sì ti rọ. Vernon gba àwọn ilé-ìṣọ́ ẹnu omi, ó ránṣẹ́ sílé pé ọwọ́ òun ti tẹ Cartagena. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rọ mẹ́dà ìṣẹ́gun, wọ́n ya Lezo sórí rẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ níwájú Vernon. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gun òkè ilé-ìṣọ́ San Felipe lọ ní oṣù kẹrin, ìbọn dá wọn padà, ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ sì ń pa wọ́n bí ẹni ń ká ẹ̀wà. Ẹ̀fọn ṣe ohun tí àgbá kò lè ṣe. Vernon padà sẹ́yìn. Lezo fúnra rẹ̀ kú nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Ère Lezo wà nísàlẹ̀ òkè San Felipe. Akin ni, ó tọ́ sí i. Ẹni tó bá dúró níwájú ère náà kàn gbọ́dọ̀ rántí pé àwọn tafàtafà onílẹ̀ àti àwọn ọmọ dúdú ìlú náà wà lórí odi lọ́jọ́ yẹn.

Gbàgede tí wọ́n ti ń ta ènìyàn

Ẹ jẹ́ kí a wọlé wàyí. Abẹ́ Torre del Reloj, ilé-ìṣọ́ aláwọ̀ ìyeyè tí agogo wà lórí rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ àlejò ń gbà wọ ìlú. Bí ẹ bá ti kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹ bọ́ sí gbàgede kan tí wọ́n ń pè ní Plaza de los Coches. Lápá kan, lábẹ́ àwọn òpó, àwọn obìnrin tẹ́ àdídùn sínú ìgò, àgbọn tí wọ́n fi ṣúgà sè ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ baba dúdú dàgbà yóò mọ adùn náà kí ó tó gbé e mì. Ère Heredia dúró láàárín. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń tẹ́ ènìyàn fún títà.

Cartagena wà lára èbúté díẹ̀ tí ọba Spéìn fọwọ́ sí pé kí wọ́n máa gbà kó ẹrú wọ ilẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá lé ní 100,000. Wọ́n á ti ọkọ̀ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ pẹ̀lú àìsàn lára, wọ́n á bọ́ wọn fún ọjọ́ díẹ̀ kí ara wọn lè dán lójú oníbàárà, wọ́n á sì tà wọ́n: òmíràn sí ibi ìwakùsà wúrà, òmíràn sí oko, òmíràn títí dé Perú. Àwọn mìíràn kò kúrò níbẹ̀. Àwọn ni odi ń dúró dè.

Àlùfáà Jésúítì méjì gbé ìlú yìí tí ọ̀rọ̀ wọn kàn wá. Èkíní ni Alonso de Sandoval. Ó ń lọ bá àwọn ẹrú nínú ọkọ̀ àti nínú àgbàlá tí wọ́n tì wọ́n mọ́, ó ń bi wọ́n léèrè ìlú wọn àti èdè wọn, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1627. Nínú ìwé náà ni orúkọ Lucumí ti jáde, láàárín àwọn tí wọ́n kó gba ọ̀nà Àlàdá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Kúbà mọ ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: àwa Yorùbá ni. Ẹ fi ọdún yẹn wé tiwa. Ní 1627 Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà lórí ìtẹ́, Ìbàdàn kò tíì di ibùdó ogun, bẹ́ẹ̀ ẹnìkan ti jókòó létí òkun Karibíánì tó ń kọ orúkọ àwọn ènìyàn wa sílẹ̀ nínú ìwé.

Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò sí ọkọ̀ òyìnbó tó lè wọ inú igbó wa fúnra rẹ̀ lọ kó ènìyàn. Àwọn tó rà wọ́n létí òkun rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó tà wọ́n. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Bí a bá ń wo odi Cartagena, kí a wo apá tiwa nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Àlùfáà kejì ni Pedro Claver, ọmọ ẹ̀yìn Sandoval, tó sọ pé òun yóò jẹ́ ẹrú àwọn ẹrú títí ọjọ́ ikú òun. Ó kú ní 1654, Ìjọ Kátólíìkì sì kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní 1888. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò jìnnà sí odi. Egungun rẹ̀ wà nínú pósí onígíláàsì lábẹ́ pẹpẹ, ó sì yẹ kí ẹni tó bá lọ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo fẹ́ kí ẹ rántí ni àwọn tó ń bá a rìn. Èdè Áfíríkà tí Claver gbọ́ kò tó láti fi bá gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ilé àwọn Jésúítì ra ògbufọ̀ fún un, ẹrú ni àwọn náà, àwọn ló sì ń kọ́kọ́ wọ inú ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tó ti há sínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó gbà pé wọ́n fẹ́ pa òun jẹ ni, tó wá gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ń na ọsàn sí i. Andrés Sacabuche, ọmọ Àǹgólà, wà lára àwọn ògbufọ̀ yìí. Lẹ́yìn ikú Claver, wọ́n pè wọ́n wá jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀, akọ̀wé sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Bí ohùn ẹrú ṣe dénú ìwé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún nìyẹn, ohun tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Lójú tèmi, àwọn ògbufọ̀ yìí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo ìlú náà. Àwọn tó to òkúta gbé ẹrù lé èjìká. Ìbẹ̀rù ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ni àwọn ògbufọ̀ gbé, sínú àyà wọn.

Kí a má sì fi ìfẹ́ ilé gba ohun tí kì í ṣe tiwa. Púpọ̀ nínú àwọn tó dé Cartagena ti Àǹgólà, Kóńgò àti apá Guinea wá. Àwọn Lucumí kéré láàárín wọn, wọn kò pọ̀ tó ti Kúbà tàbí Bahia. Ṣùgbọ́n wọ́n wà, ilẹ̀ náà kò sì gbàgbé wọn. Nínú ìtàn àròsọ tí Gabriel García Márquez kọ ní 1994, tó dá lórí ọmọbìnrin kan tí wọ́n tì mọ́lé àwọn sísítà Santa Clara ní ìlú olódi yìí, obìnrin dúdú tó tọ́ ọmọ náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìfi ìgbàgbọ́ Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀, ọmọ náà sì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ẹrú tó tọ́ ọ. Ilé àwọn sísítà yẹn ti di òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá lónìí. Manuel Zapata Olivella, ọmọ dúdú etí òkun Kòlóńbíà, gbé ìwé ìtàn àròsọ ńlá jáde ní 1983, ó sì fi orúkọ Ṣàngó ṣe àkọlé rẹ̀.

Lẹ́yìn odi náà, ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, ìgbà tiwa yìí ni ọ̀nà láàárín Áfíríkà àti ìlú náà tún ṣí. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn atukọ̀ ń kó àwo orin Áfíríkà wá sí èbúté, highlife Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá tí wọ́n ń pè ní picó ń ra àwo náà, wọ́n ń fi ṣe fàájì lójú títì, láti inú rẹ̀ sì ni orin champeta ti jáde. Àwọn ọlọ́lá ìlú fojú pa á rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ni gbogbo Cartagena ń jó báyìí.

Àwọn tó kọ odi sílẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n kó wá ni ó gbà láti máa gbé òkúta. Ní nǹkan bí 1599, Benkos Biohó kó aya rẹ̀ àti àwọn mìíràn, wọ́n sá wọ inú irà, wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó, wọ́n sì fi igi ṣọgbà yí i ká. Ogun Spéìn lọ títí, kò rí wọn ṣe. Gómìnà wá bá a ṣe àdéhùn àlàáfíà, ó sì dé ibi tí Biohó ń fi idà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ Cartagena, tó ń rìn láàárín àwọn tó ń pe ara wọn ní olówó rẹ̀. Àdéhùn náà kò pẹ́. Wọ́n mú un, ní 1621 wọ́n sì so ó kọ́.

Àwọn ìlú tí àwọn tó sá fún oko ẹrú bẹ́ẹ̀ dá sílẹ̀ pọ̀. Èyí tó ṣẹ́kù tí gbogbo ayé mọ̀ ni San Basilio de Palenque, nǹkan bí 50 kìlómítà sí Cartagena. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìjọba Spéìn gbà pé kí wọ́n máa dá ara wọn ṣe. Èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ pa ti Spéìn pọ̀ mọ́ ti Kóńgò. Bí àgbà bá kú, alẹ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń ṣe lumbalú, ìlù ń dún, àwọn obìnrin ń dárò. UNESCO bu ọlá fún àṣà wọn ní 2005. Àwọn obìnrin tí ẹ máa ń rí nínú fọ́tò Cartagena, aṣọ aláràbarà lọ́rùn, abọ́ ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó lórí, ọmọ Palenque ni wọ́n. Ìyá àti ìyá àgbà wọn ń kiri èso láti fi bọ́ ilé kí ẹnikẹ́ni tó máa fi wọ́n ṣe àwòrán ìpolówó.

Odi náà sì ní ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ọdún 1811, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò Getsemaní, Pedro Romero alágbẹ̀dẹ ṣáájú wọn, ti àwọn aṣáájú ìlú títí wọ́n fi kéde òmìnira pátápátá kúrò lábẹ́ Spéìn. Ní 1815 Pablo Morillo kó ogun padà wá dó ti ìlú náà fún ó lé ní oṣù mẹ́ta. Odi tí wọ́n fi 200 ọdún kọ́ kò jẹ́ kí ọ̀tá wọlé, kò sì jẹ́ kí oúnjẹ wọlé. Ìyàn pa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará ìlú. Ìyà yẹn ni Bolívar, aṣáájú ìjà òmìnira, rí tó fi pè é ní ìlú akin, orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Oko ẹrú gan-an, ọdún 1852 ni òfin tó fòpin sí i tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

Ẹ lọ láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, nítorí oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni rírìn lórí odi. Ẹ mú owó ìwọlé ilé-ìṣọ́ San Felipe dání. Ẹ ṣe sùúrù ní Las Bóvedas, yàrá 23 tí Arévalo kọ́ mọ́ inú odi fún ẹrù ogun, tó di ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà, tó wá di ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ ya ọlọ́jà Palenque ní fọ́tò, ẹ kí i, ẹ tọrọ àyè, kí ẹ sì rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá ọjọ́ kan fún Palenque fúnra rẹ̀, kí amọ̀nà tí ẹ gbà jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ní Getsemaní, ẹ wá ilé oúnjẹ tí àwọn ará àdúgbò ń ṣe, nítorí owó ilé ti ga, àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tó jà ní 1811 sì ń kó kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkọ̀ òfuurufú Kòlóńbíà wọ́n. Ìbéèrè tí mo gbé wá kò wọ́n. Ẹ gbé e lọ sí Àgbádárìgì, kí ẹ rin ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn gbà lọ sí etí òkun. Ẹ gbé e lọ sí Erédò Sùǹgbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà rẹ̀, kí ẹ gbójú sókè wo bí erùpẹ̀ náà ti ga tó, kí ẹ sì béèrè ta ló wà á. Mo ń bẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé yìí pé kí wọ́n ya owó bọ́ọ̀sì sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún kíláàsì ìtàn, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ lédè Yorùbá.